Kí ló ń mú kí ẹ̀rọ ìfọṣọ máa fa omi láìdúró?

Lọ́pọ̀ ìgbà, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ike omi inú ẹ̀rọ mọ́ sẹ́ńsọ̀ (ẹ̀yà tó ń wo ìwọ̀n omi) ló dí tàbí ló jò. Sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ kì í tètè bàjẹ́. Bí omi ṣe ń kún, ó ń ti atẹ́gùn inú rọ́bà yìí sókè, ìyẹn ni sẹ́ńsọ̀ fi ń mọ ìwọ̀n omi.

Kọ́kọ́ yọ wáyà ẹ̀rọ kúrò lára iná. Bí omi bá ṣì ń wọlé, fáàfù omi (ẹ̀yà tó ń ṣí ọ̀nà fún omi, tó sì ń tì í) ló bàjẹ́. Bó bá dúró, ṣí ìdérí òkè, fa rọ́bà yọ lára sẹ́ńsọ̀, kí o sì rọra fẹnu fẹ́ ẹ kí ìdọ̀tí ọṣẹ tó dì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè kúrò. Yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa: ihò bíńtín ti tó kí atẹ́gùn jò.