Adìyẹ tó jóná lóde, tó pọ́n nínú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní adìyẹ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ yan lórí gíríìlì tuntun yín dúdú bí ìdí ìkòkò, tẹ́ ẹ wá gé itan rẹ̀ tẹ́ ẹ rí ẹ̀jẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín: ṣé ẹ da èédú kún inú gíríìlì ọ̀hún láti òpin dé òpin ni? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, adìyẹ ò ṣẹ̀ yín, èròjà ò sì ṣẹ̀ yín. Èmi náà ṣe é rí, ojú àwọn àna mi sì ni mo ti ṣe é.

Ìbàdàn ni mò ń gbé. Àgbá kan ni wẹ́dà àdúgbò wa là sí méjì fún mi, ó jó ẹsẹ̀ mẹ́rin mọ́ ọn. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ ìdérí, mo ní kó fi mí sílẹ̀ jàre, ṣé ìkòkò ọbẹ̀ ni? Ọjọ́ Ajé Àjíǹde ni mo pe àwọn àna mi. Mo da ìdajì àpò èédú sínú rẹ̀, mo wọ́n kẹrosíìnì sí i, mo ṣáná. Ọwọ́ iná ń là sókè, inú mi ń dùn. Mo yára kó itan adìyẹ lé e lórí kí iná ọ̀hún má baà kú mọ́ mi lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí ọ̀rá fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán, tí iná ń bú gbàmù, tí mò ń wọ́n omi sí i, tí eérú sì ń fò bo ẹran. Ìyá ìyàwó mi mú itan kan, ó bu díẹ̀ jẹ, ó rọra gbé e sílẹ̀, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé sítóòfù lẹ fi sè é ni?" Ìyàwó mi wọlé lọ din ẹyin.

Ọwọ́ iná kọ́ ló ń yan ẹran, ẹ̀yín iná ni. Ẹ dúró títí eérú funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á fi bo ara èédú náà. Tèmi ń gbà tó ìṣẹ́jú 25 sí 30, n kì í sì í gbé nǹkan kan lé e kó tó dìgbà yẹn, kódà kí àwọn ọmọ máa sunkún. Ìhá ẹyìn tí wọ́n ti fún epo rẹ̀ ni mo fi ń ṣáná báyìí. Epo tó kù lára rẹ̀ ló ń jẹ́ kó tètè gbaná. Tẹ́ ò bá rí i, ẹ fi òróró díẹ̀ ra bébà, ẹ tì í bọ abẹ́ èédú. Ẹ má fi kẹrosíìnì, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi láílọ́ọ̀nù dáná yín.

Nígbà tí èédú bá pọ́n tán, ẹ fi ẹ̀mú kó gbogbo rẹ̀ sí apá kan, kẹ́ ẹ fi apá kejì sílẹ̀ lófìfo. Nílé wa, "ọjà" là ń pe apá tí iná wà, "ilé" là ń pe apá tó ṣófo. Ọjà ni ẹran ti ń gba àwọ̀. Ilé ló ti ń jinná. Ká ní mo mọ ìyẹn lọ́jọ́ Àjíǹde yẹn ni, itan tí iná bá ti ń bú lábẹ́ rẹ̀, ńṣe ni mi ò bá kàn gbé e padà sílé, mi ò ní máa sáré omi kiri. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí ọjà ṣe gbóná tó, ẹ na àtẹ́lẹwọ́ sókè wáyà tẹ́ ẹ ń gbé ẹran lé, kó jìn sí i bí ìbú ọwọ́ kan ààbọ̀, kẹ́ ẹ máa kà: ení, èjì, ẹ̀ta. Tẹ́ ẹ bá fa ọwọ́ yọ kẹ́ ẹ tó ka ẹ̀ta, ó ti gbóná jù fún adìyẹ. Tó bá dé àrún tàbí ẹ̀fà, ó dáa.

Ìdérí wá ńkọ́? Mo padà lọ bẹ wẹ́dà. Láìsí ìdérí, ilé kì í ṣe nǹkan kan. Ooru á kàn máa fò lọ sójú ọ̀run. Tó bá wà níbẹ̀, ooru á máa yí ẹran ká bíi ti ààrò búrẹ́dì. Lọ́dún 1952, George Stephen, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ irin kan ní Chicago, mú bọ́ì irin tó ń léfòó lórí omi, ó là á sí méjì, ó fi ìdajì kan ṣe gíríìlì, ó fi ìkejì dé e lórí. Àgbá tiwa náà, ìdajì rẹ̀ tẹ́ ẹ jù sílẹ̀ lọ́dọ̀ wẹ́dà ni ìdérí yín.

Bí mo ṣe ń ṣe adìyẹ báyìí rèé. Mo ń la ẹ̀yìn rẹ̀, mo ń tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, mo sì ti fi iyọ̀ pa á lára láti alẹ́ àná. Ilé ni mo ń gbé e sí, kí itan rẹ̀ kọjú sọ́jà, torí itan ló ń pẹ́ jù kó tó jinná. Èyí tó bá wọn bíi kílò kan ààbọ̀ ń gbà mí tó wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni yóò lọ sọ́jà fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí awọ rẹ̀ lè gan. Mo ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná; ibi tó nípọn jù nínú itan ni mo ń gún un sí, kó má kan egungun. Tó bá ti ka 74 Celsius, ó ti jinná. Kí n tó rà á, ojú ni mo fi ń wò ó, ojú sì tàn mí jẹ. Yájì àti oyin, ìparí pátápátá ni. Ẹ̀pà inú yájì tètè ń jó, ó sì ń korò. Adìyẹ ágíríìkì ni mò ń sọ o. Àgbébọ̀ tó ti yé ẹyin títí tó sú u, ẹ bọ̀ ọ́ kó rọ̀ kẹ́ ẹ tó yan án.

Ẹja ò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi aṣọ nu tìlápíà yín gbẹ, ẹ fi òróró pa ara ẹja, kì í ṣe wáyà, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wáyà gbóná dáadáa. Tó bá lẹ̀ mọ́ wáyà, ẹ má fà á. Tí awọ rẹ̀ bá ti gan, á jọ̀wọ́ ara rẹ̀.

Èyí tí mi ò ní fi ṣeré rárá: òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan, èmi àti àbúrò mi gbé gíríìlì wọ kọ́ríídọ̀, a sì ti ilẹ̀kùn. Kò sí èéfín, èédú ti pọ́n. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí orí fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Àbúrò mi ní èébì ń gbé òun, ó fara ti ògiri. Ìyàwó mi ló ṣílẹ̀kùn. Carbon monoxide ni, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, èédú tó ń jó ò sì yéé tú u jáde títí yóò fi kú pátápátá. Ìta gbangba ni gíríìlì ń gbé. Kódà kó ku ẹ̀yín méjì péré, kò gbọdọ̀ wọlé.

Tó bá jẹ́ àgbá ni tiyín náà, ẹ bi wọ́n ohun tó ti gbé rí. Òróró ni tèmi gbé, síbẹ̀ mo fi iná ńlá sun ún lẹ́ẹ̀mejì kí ọ̀dà ara rẹ̀ jó dànù. Wáyà dídán tí wọ́n fi sínkì bò ò yẹ fún oúnjẹ, èéfín sínkì ò dáa fún ẹ̀dá. Èédú Òkè-Ògùn ni mo ń rà, èyí tí wọ́n fi igi àyìn sun tí mo bá rí i, torí ó wúwo, ó sì ń pẹ́. Ẹ gbá ẹyọ méjì pọ̀: èyí tó jinná á ró bí àwo tángaran. Èyí tí òjò ti pa á máa ta pàrà. Ẹ̀wù mi méjì ló ti lu.

Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ dé e, ẹ dí gbogbo ihò rẹ̀, iná á kú fúnra rẹ̀, ẹ ó sì rí èédú tó kù lò lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ má da eérú rẹ̀ sínú garawa rọ́bà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀.

Ẹ ò sọ bóyá tiyín ní ihò afẹ́fẹ́ nísàlẹ̀. Ẹ lọ wò ó. Tí kò bá ní, ẹ gbé e padà fún ẹni tó ṣe é, kó lu bíi mẹ́rin sí i kẹ́ ẹ tó ra adìyẹ mìíràn.