Ejò het méjì yé ẹyin, àfín kò jáde: ẹ má tíì pe ẹni tó tà á fún yín ní onírọ́

Ẹ ní wọ́n ta ejò ball python méjì fún yín gẹ́gẹ́ bí het àfín, ìyẹn ejò tó gbé jíìnì àfín kan pamọ́ tí kò hàn lára rẹ̀, ẹyin 6 ni abo yé, gbogbo ọmọ sì jáde pẹ̀lú àwọ̀ dúdú òun búráùn tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹ wá ń béèrè bóyá wọ́n lù yín ní jìbìtì. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹyin 6 kò tó láti fi dá ẹjọ́ yìí.

Ẹ̀dà jíìnì kan ni ọmọ ejò ń gbà lọ́dọ̀ bàbá, ó ń gba ìkejì lọ́dọ̀ ìyá. Àfi kí méjèèjì jẹ́ ti àfín kí ara ọmọ tó di funfun àti yẹ́lò, kí ojú rẹ̀ sì pọ́n. Ẹyọ kan ṣoṣo ni het ní, ìkejì sì bò ó mọ́lẹ̀. Bí het bá gun het, ẹyin kọ̀ọ̀kan ní ànfààní ìdá kan nínú mẹ́rin láti di àfín. Ẹyin kọ̀ọ̀kan ni mo wí o! Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí ẹyin bá ti pé 4, dandan ni kí ọ̀kan jẹ́ àfín. Ẹyin kan kò mọ ohun tí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbà. Kí ẹyin 6 pa láìsí àfín kankan níbẹ̀, ó ń ṣẹlẹ̀ nǹkan bí ìgbà 18 nínú 100, bí ẹni tó tà á tilẹ̀ sọ òtítọ́ pọ́ńbélé. Mo ní abo kan tó ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi, akọ kan náà ló sì padà bá a bí àfín lẹ́yìn náà.

Ẹ yẹ ìwé tí wọ́n fún yín wò dáadáa. Ṣé 100% het ni wọ́n kọ, ìyẹn ni pé ó dájú pé ó gbé jíìnì náà, àbí 66%? Ibi tí 66% ti wá ni pé, nínú ọmọ het méjì tí kì í ṣe àfín, méjì nínú mẹ́ta ló gbé jíìnì náà, ojú lásán kò sì lè dá wọn mọ̀. Bó bá jẹ́ pé 66% ni akọ, tí abo náà jẹ́ 66%, ànfààní pé àwọn méjèèjì gbé e kò ju 44% lọ. Ẹni tó tà á kò parọ́ nígbà yẹn.

Ẹ tún bi í léèrè irú àfín tó jẹ́. Albino àti Lavender Albino kì í ṣe jíìnì kan náà. Ìwádìí kan tó jáde ní 2022, tí wọ́n fi awọ tí àwọn ball python bọ́ ṣe, fi hàn pé jíìnì TYR ló bàjẹ́ lára Albino, OCA2 sì ni ti Lavender. Ẹ lè fi Albino gidi gun Lavender gidi kí gbogbo ọmọ má yàtọ̀ sí ejò inú igbó.

Ṣé akọ mìíràn ti gun abo yín rí? Abo ball python lè tọ́jú àtọ̀ sínú fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọ̀kan lára tèmi, tí akọ pastel (irú àwọ̀ ball python mìíràn) ti gùn tẹ́lẹ̀, bí pastel fún akọ tí kì í ṣe pastel. Ẹ̀dà kan péré ti tó kí pastel hàn lára ọmọ, òun ló tú àṣírí bàbá.

Ohun tí àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ yìí ń ṣe láyé àtijọ́ ni pé wọ́n á fi ejò tí wọ́n ń fura sí gun àfín gidi. Bó bá jẹ́ het lóòótọ́, ìdajì ni ànfààní ẹyin kọ̀ọ̀kan, kí ẹyin 6 sì pa láìsí àfín kò ju ìgbà kan nínú 64 lọ. Ọ̀nà náà dára, ṣùgbọ́n ara abo ló ń sanwó rẹ̀. Ó lè má jẹun fún oṣù mélòó kan, ó sì máa ń rù gan-an lẹ́yìn tó bá yé. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí tiyín sinmi kó sanra padà. Awọ tó bá bọ́ ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò jíìnì, ti akọ àti ti abo. Bí èsì bá ní het ni àwọn méjèèjì, ẹ kọ 66% sí ara àwọn ọmọ 6 yẹn kẹ́ ẹ tó tà wọ́n. Bó bá jẹ́ ọ̀kan péré ló gbé e, 50% ni kẹ́ ẹ kọ, kẹ́ ẹ sì mú èsì náà lọ bá ẹni tó tà á fún yín.