Ta Ni Kí N Kó Sàká Mi Lé Lọ́wọ́?

Ìbéèrè: Àsàlámù aléékùm, Ààfáà wa. Aṣọ ni mo ń tà ní Àjàṣẹ́ níbí. Ní èṣí, mo fi sàká mi ránṣẹ́ lórí fóònù sí ẹgbẹ́ kan tó ní òun ń ran aláìní lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ṣé ó ti bọ́ lọ́rùn mi? Báwo ni mo ṣe lè mọ ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ tálákà?

Ìdáhùn: Wàléékùm sàlámù, ìyá mi. Ká ní ìjọba Mùsùlùmí ló rán agbowó-sàká sí yín ni, ọrùn yín ì bá ti mọ́ gbàrà tí ẹ kó o fún un. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kò ní irú rẹ̀. Aṣojú yín ni ẹgbẹ́ yẹn, gbèsè náà ṣì wà lọ́rùn yín títí yóò fi dé ọwọ́ ẹnìkan nínú ìsọ̀rí èèyàn mẹ́jọ tí Ọlọ́hun kà sílẹ̀ nínú Súúrà Taobá, aaya 60.

Nítorí náà, ẹ máa béèrè kí ẹ tó sanwó. (Mo mọ̀ pé ojú lè tì yín. Ẹ béèrè náà.) Ṣé àpò kan náà ni wọ́n ń da sàká, tó jẹ́ ọ̀ranyàn, àti sàráà, tó jẹ́ ọrẹ àtinúwá, pọ̀ sí? A lè fi sàráà kọ́ mọ́sálásí. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà kí a fi sàká kọ́ ọ. Èló ni wọ́n ń mú fún làálàá wọn? Ọkùnrin kan láti ẹ̀yà Azd, tí Ànábì rán lọ gba sàká, padà dé, ó ní, “Èyí ni tiyín, èyí ni wọ́n fi ta mí lọ́rẹ.” Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, bínú, ó ní kí ló dé tí kò jókòó sílé bàbá tàbí ìyá rẹ̀, kó wò ó bóyá ẹ̀bùn náà yóò wá bá a níbẹ̀.

Èyí tó ká mi lára jù ni bí wọ́n ṣe ń wá aláìní. Súúrà Bákárà, aaya 273, sọ̀rọ̀ àwọn tí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n yóò rò pé wọ́n rí jájẹ, nítorí wọn kì í tọrọ. Ẹgbẹ́ tó ń dúró de tálákà lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀ kò lè rí irú wọn. Lémọ́ọ̀mù àdúgbò àti àwọn ìyá àsáláátù ló mọ opó tí kò dáná láti àná. Ẹgbẹ́ tó bá ń gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá ni kí ẹ wá. Èyí tó ń to tálákà síwájú kámẹ́rà, ẹ fi sílẹ̀.

Nínú mọ́síhábù (ìlànà òfin ẹ̀sìn) Máálíkì tí à ń tẹ̀lé, a lè fún tálákà ní ohun tí yóò tó o jẹ fún ọdún kan. Lójú tèmi, ìdílé mẹ́ta tó rí owó dá ọjà sàn ju ọgọ́rùn-ún èèyàn tó gba ẹgbẹ̀rún sẹ́fà kọ̀ọ̀kan.

Ti èṣí, ẹ pè wọ́n. Bí wọ́n bá ti pín in fún ẹni tó tọ́ sí, ó parí. Bí wọ́n bá fi ṣe ohun mìíràn, ẹ yọ òmíràn, kí ẹ sì gba ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́ wọn.