Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Yọ Kọ̀mpírẹ́sọ̀ AC Yín Nítorí Epo

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé, aṣọ ni mò ń tà, mo sì máa ń wa Corolla mi lọ kó ọjà ní Ìbàdàn. Láti ìgbà tí epo ti wọ́n, mi ò tan AC mọ́. Gbogbo gíláàsì ni mo máa ń yí sílẹ̀ láti ilé títí dé Ìbàdàn, síbẹ̀ owó epo ò dínkù tó bí mo ṣe rò. Mẹkáníìkì mi ní bí mi ò tiẹ̀ tan AC, ó ṣì ń jẹ epo, àfi kí òun yọ kọ̀mpírẹ́sọ̀ rẹ̀ kúrò, kí òun fi bẹ́líìtì tó kúrú sí i. Ṣé kí n gbà fún un? Èwo ló tiẹ̀ dáa jù nínú AC àti kéèyàn ṣí gíláàsì?

Ìdáhùn: Rárá, màmá. Ẹ má gbà fún un.

Láti ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà kan tí à ń rà ní owó tí kò pé 200 náírà fò kọjá 500 lójijì, ni wọ́n ti ń bi mí ní irú ìbéèrè yìí. Mo mọ bí owó epo ṣe ń dun oníṣòwò. Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn tó ń fi ìnira yẹn gba owó iṣẹ́ tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kọ̀mpírẹ́sọ̀ ni màá kọ́kọ́ dáhùn, ti gíláàsì ò le.

Kọ̀mpírẹ́sọ̀ ni ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì AC pọ̀, tó sì ń tì í yí ká inú páìpù. Ẹ́ńjìnnì ló ń yí i, bẹ́líìtì ló ń gbé agbára náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. AC ò ní epo tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kò sí páìpù kankan tó ti inú táńkì lọ sídìí rẹ̀. Ẹrù ló ń dì lé ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì á wá jẹ epo sí i kó lè ru ẹrù náà.

Níwájú kọ̀mpírẹ́sọ̀, púlè kan wà tí bẹ́líìtì ń yí. Láàárín púlè yẹn àti ọ̀pá tó wọ inú kọ̀mpírẹ́sọ̀ ni kílọ́ọ̀ṣì wà: irin pẹlẹbẹ kan tí òòfà ń fà mọ́ púlè nígbà tí iná bá dé ibẹ̀. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì AC, ẹ ó gbọ́ ìró kan, “tà”, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ohùn ẹ́ńjìnnì á wálẹ̀ díẹ̀, á tún gbéra. Ìgbà yẹn ni kọ̀mpírẹ́sọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ẹ bá pa AC, òòfà á tú irin náà sílẹ̀, púlè á máa yí lórí béárìn rẹ̀, inú kọ̀mpírẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ á sì dákẹ́. Ohun tí béárìn yẹn ń gbà lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì kéré débi pé ẹ ò lè rí i nínú owó epo yín.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Ẹ dá mọ́tò dúró síbi tó tẹ́jú, ẹ fa ìjánu ọwọ́, kí ẹnì kan jókòó sídìí ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo iwájú púlè yẹn láti òkèèrè. Bí AC bá wà ní pípa, etí rẹ̀ lẹ ó rí tó ń yí, àárín rẹ̀ á dúró jẹ́ẹ́. Bí ó bá tan AC, méjèèjì á jọ máa yí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ká ìborùn yín kúrò lọ́rùn kí ẹ tó tẹ̀ síbẹ̀, ẹ má sì na ọwọ́ sí ìtòsí bẹ́líìtì. Bẹ́líìtì ò mọ olówó mọ́tò.

Àwọn mọ́tò tuntun kan wà tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ wọn ò ní kílọ́ọ̀ṣì. Tiwọn máa ń yí nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa AC, fáàfù inú rẹ̀ á dín iṣẹ́ rẹ̀ kù títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe nǹkan kan mọ́. Ọ̀pọ̀ háíbíríìdì, ìyẹn mọ́tò tó ń lo epo àti iná bátìrì pa pọ̀, sì ń fi iná bátìrì yí tiwọn. Kò sí èyí tí ẹ ó rí èrè níbi yíyọ rẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí yíyọ rẹ̀ lè fà. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, títí kan ọ̀pọ̀ Corolla tó wà ní títì wa, bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí kọ̀mpírẹ́sọ̀, alternator tó ń ṣáájì bátìrì, àti ẹ̀rọ tó ń ti omi yí ká ẹ́ńjìnnì. Àwọn tó ṣe mọ́tò ti wọn ọ̀nà tí bẹ́líìtì náà ń gbà. Ẹni tó bá yọ ọ̀kan kúrò, tó lọ wá bẹ́líìtì kúkúrú tó sún mọ́ ọn ní ìwọ̀n, àfojúbù ló ń ṣe. Bí bẹ́líìtì yẹn bá ń yọ̀ tàbí tó já lẹ́yìn Fìdítì, omi ò ní yí ká ẹ́ńjìnnì mọ́, ẹ́ńjìnnì á gbóná kọjá ààlà, tọ́ọ̀pù sílíńdà, ìyẹn irin ńlá tó bo orí ẹ́ńjìnnì, lè tẹ̀. Ẹ bi ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ tọ́ọ̀pù sílíńdà rí léèrè iye tó ná an. Páìpù tí wọ́n bá tú sílẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀rá dì lẹ́nu sì ń kó eruku àti ọ̀rinrin sínú. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ dá AC padà, owó kọ̀mpírẹ́sọ̀ nìkan kọ́ ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín.

Ìgbà tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ tí a ti pa lè máa yọ ẹ́ńjìnnì lẹ́nu ni ìgbà tí béárìn púlè rẹ̀ bá ti kú, tàbí tí kílọ́ọ̀ṣì bá ti lẹ̀ mọ́ púlè tí kò tú sílẹ̀ mọ́. Béárìn tó ti kú máa ń pariwo, kò ṣeé fi pa mọ́. Béárìn ni kí wọ́n pààrọ̀, tàbí kílọ́ọ̀ṣì. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ jù gbogbo rẹ̀ nù, ẹ ní kó kọ́kọ́ fi ohun tó bàjẹ́ hàn yín.

Ó ku ti gíláàsì. Eré tí ẹ ń sá ló máa sọ èyí tí ẹ ó ṣe. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí atẹ́gùn fi ń dí mọ́tò lọ́nà á di ìlọ́po mẹ́rin. Ní eré 30 láàárín Sábó sí Ọjà Jagun, atẹ́gùn ò ní agbára kan tí ẹ lè kà sí, ẹ ṣí gbogbo gíláàsì bó ṣe wù yín. AC ló wọ́n níbẹ̀: kọ̀mpírẹ́sọ̀ ń gba agbára, mọ́tò ò sì rìn jìnnà. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára sọ pé bí ooru bá mú gan-an, AC lè dín iye kìlómítà tí ìwọ̀n epo kan náà ń gbé mọ́tò dé kù ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, pàápàá ní ìrìn kúkúrú. Ìrìn kúkúrú ni ìrìn ìgboro. Mọ́tò ti gbóná nínú oòrùn, AC ń fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́, kó tó tutù ẹ ti dé ibi tí ẹ ń lọ.

Lójú ọ̀nà tó já geere, tí ẹ ń sá 100, ọ̀rọ̀ yí padà. Atẹ́gùn á rọ́ gba ojú gíláàsì wọlé, á máa jà nínú mọ́tò, ẹ́ńjìnnì á sì máa fi agbára kún agbára láti tì í kọjá. Èrè tí ẹ rò pé ẹ jẹ lórí AC tí ẹ pa, atẹ́gùn ti ń gbà lára rẹ̀ padà lọ́wọ́ yín. Ìdí tí owó epo yín ò fi dínkù tó bí ẹ ṣe rò lè wà níbẹ̀. Kò sí iye eré kan pàtó tó bá gbogbo mọ́tò mu o. Ìrísí mọ́tò, bí ooru ṣe mú tó, àti iye gíláàsì tó wà ní ṣíṣí ló ń pinnu rẹ̀. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé bí ẹ ò bá tíì sá ju 60 lọ, ẹ ṣí gíláàsì. Bí ẹ bá ti ń sá 90 sókè láìdúró, ẹ tì í, ẹ tan AC níwọ̀nba. Bí eré yín bá wà láàárín 60 sí 90, ìyàtọ̀ tó wà láàárín AC àti gíláàsì kéré, ẹ ṣe èyí tó bá tù yín lára. Ní ìdájí tàbí ìgbà ọyẹ́, ẹ ti gíláàsì, ẹ pa AC, ẹ tan fáànù nìkan kó máa fa atẹ́gùn ìta wọlé. Ìyẹn ló dínwó jù. Bí ẹ bá sì há sẹ́yìn tírélà tó ń tú èéfín dúdú, ẹ ti gíláàsì yín kíákíá. Ẹ̀dọ̀fóró yín ṣe pàtàkì ju epo lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ lo AC, ẹ má jókòó sójú kan kí ó tutù kí ẹ tó gbéra. Ẹ ṣí gbogbo gíláàsì, ẹ wà á fún ìṣẹ́jú bíi méjì kí ooru inú rẹ̀ jáde, ẹ wá tì í, ẹ tan AC, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n ya mọ́tò àti ọfà tó ṣẹ́ kọ́rọ́ sínú rẹ̀ sí, kí ó máa lo atẹ́gùn inú tó ti tutù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń yí kọ́nọ́ òtútù, ìyẹn ohun róbótó tí a fi ń dín òtútù kù tàbí tí a fi ń fi kún un, sí àárín, wọ́n rò pé àwọn ń ṣọ́ epo lò. Nínú mọ́tò tí a ń fi ọwọ́ yí kọ́nọ́ rẹ̀, kọ̀mpírẹ́sọ̀ sábà máa ń ṣiṣẹ́ bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, atẹ́gùn gbígbóná ni kọ́nọ́ yẹn kàn ń pò mọ́ ọn. Bí ó bá ti tutù tó, bọ́tìnnì AC gan-an ni kí ẹ pa fún ìgbà díẹ̀. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn sínú mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú gáréèjì tí wọ́n tì, nítorí AC. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì tí kò ní òórùn, ó ń pa ènìyàn sójú oorun.

Àwọn tó ń “rọ gáàsì” léraléra náà ń bà yín lówó jẹ́. Bí gáàsì AC bá ń tán lóṣooṣù, ibì kan ló ń jò, kí wọ́n wá ibẹ̀ dí. Tí wọ́n bá rọ ọ́ ní àrọjù láìfi géèjì wọ̀n ọ́n, kọ̀mpírẹ́sọ̀ á máa ṣiṣẹ́ àṣekú, epo á sì máa lọ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ rọ gáàsì ìdáná sínú AC yín, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀: gáàsì yẹn lè jò wọnú mọ́tò, kó sì gbiná. Irú gáàsì tó yẹ wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. R134a ló wà lára púpọ̀ nínú mọ́tò tí à ń lò.

Kí ẹ tó tún dá AC lẹ́bi, ẹ bi mẹkáníìkì yín bóyá wọ́n ti yọ tẹ́mósítáàtì mọ́tò yín. Wọ́n máa ń sọ pé ilẹ̀ wa gbóná, a ò nílò rẹ̀. Irọ́ ni. Tẹ́mósítáàtì ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè dé ìwọ̀n ooru tó yẹ, kó sì dúró síbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ́ńjìnnì lè máà gbóná tó, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á rò pé àárọ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tan mọ́tò, á sì máa da epo sí i.  Ẹ wo atẹ́gùn táyà náà, bóyá ó tó.

Mi ò tíì rí mọ́tò yín, màmá, mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà lórí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣe báyìí: ẹ rọ epo kún táńkì ní ilé epo kan, ẹ kọ nọ́ńbà kìlómítà sílẹ̀, ẹ lọ Ìbàdàn kí ẹ bọ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe, ẹ padà lọ rọ ọ́ kún ní ilé epo yẹn kan náà, ẹ wo iye lítà tó gbà. Ẹ pín kìlómítà tí ẹ rìn sí iye lítà yẹn. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ tún ìrìn náà rìn, kí ẹ lo gíláàsì àti AC bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ sókè. Bí epo ṣì ń lọ pọ̀ jù nígbà méjèèjì, ẹ gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka kọ̀ǹpútà mọ́tò, kí ẹ dúró tì í títí yóò fi parí, kí ẹ má sì san owó pátì kankan tí kò bá fi èyí tó bàjẹ́ hàn yín.