Láti Kubwa dé etí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: kìlómítà 50 nígbà òtútù

Ẹ kú ìmúra, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní Lugbe lẹ ń gbé, ẹ ti sá kìlómítà 42 ti Èkó lẹ́ẹ̀mejì, àbúrò yín tó wà ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti forúkọ yín sílẹ̀ fún eré kìlómítà 50 kan létí òkun lóṣù January, irú eré kékeré tí kò ní èrò, tí kò ní ariwo. Ẹ wá ń béèrè bóyá ẹni tó fi ọyẹ́ Abuja gbáradì lè là á já. Mo ti sá irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Kubwa níbí ni mo sì ti múra fún méjèèjì. Nígbà àkọ́kọ́, kìlómítà 36 ni mo ti wọ mọ́tò. Nígbà kejì, mo parí rẹ̀.

Ti àkọ́kọ́ yẹn ló yẹ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Àwa bí ogójì la péjọ ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Kó tó di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ ti ṣú níbẹ̀ lásìkò yẹn, ẹ fi í sọ́kàn. Ọkùnrin kan ní ó yá, a gbéra. Òtútù wà ní dígíríì 5. Títì ń bá etí òkun lọ, ọ̀nà tí a gbà lọ náà la máa gbà bọ̀. Ní àlọ, afẹ́fẹ́ ń tì wá lẹ́yìn. Ara mi gbóná, mo ń làágùn, mo ń yára ju bí mo ṣe pinnu lọ, inú mi sì ń dùn.

Nígbà tí a yí padà, afẹ́fẹ́ yẹn kan náà dojú kọ mí. Aṣọ tí òógùn ti mu láti òwúrọ̀ lẹ̀ mọ́ mi láyà bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká kúrò nínú omi. Ẹsẹ̀ ṣì ń lọ, nítorí náà mo ń fara dà á. Ní kìlómítà 33, mo bá màmá àgbàlagbà kan nídìí tábìlì, ó ń bu tíì gbígbóná fún àwa tó ń sáré. Ó bi mí pé níbo ni mo ti wá, mo ní Nàìjíríà, ẹnu yà á, la bá bọ́ sínú ọ̀rọ̀. Kò lè ju ìṣẹ́jú méje lọ. Nígbà tí mo fẹ́ gbéra, eyín mi ti ń gbá ara wọn, ìka mi kò sì lè ṣí síìpù àpò tí oúnjẹ mi wà. Mo fi eyín fà á, kò ṣí. Mo rìn kìlómítà mẹ́ta láìjẹun, gbogbo ara ń gbọ̀n. Ẹni tó ń fi mọ́tò tẹ̀ lé wa bi mí pé kí ni orúkọ mi. Mo ní láti ronú kí n tó dá a lóhùn, ahọ́n mi sì wúwo. Òun ló sọ fún mi pé kí n kọ́kọ́ bọ́ aṣọ tútù yẹn kúrò kó tó fún mi ní bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ara gbígbọ̀n, ọwọ́ tí kò gbọ́ràn mọ́, ọ̀rọ̀ tó ń wọ́: bí ẹ bá rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ má bá eré náà lọ mọ́.

Ìdúró ló ṣe mí. Bí a ṣe ń sáré, iṣan ara wa ń mú ooru jáde. Bí a bá dúró, ooru náà lọ sílẹ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n aṣọ tútù àti afẹ́fẹ́ kò dúró, wọ́n ṣì ń fa èyí tó kù lọ. Àwa tí a kọ́ eré sísá ní Nàìjíríà, a ti mọ ìdúró sí ìsinmi. Ní Èkó, ẹ máa dúró nídìí omi, ẹ máa da díẹ̀ sórí, ara á sì tù yín. Àṣà yẹn gan-an ni kí ẹ fi sílẹ̀ kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ọyẹ́ wa wúlò o. Ó ń kọ́ni láti mu omi láìjẹ́ pé òùngbẹ ń gbẹni, torí òógùn ń gbẹ lára kí a tó rí i, ìgbà tí iyọ̀ funfun bá yọ lára aṣọ la tó mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́hùn-ún: òtútù kì í jẹ́ kí òùngbẹ gbẹni, ó sì ń mú ni tọ̀ ṣáá. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ gbẹ, tiwọn sì tutù, òjò ń rọ̀, omi òkun ń ta síni lára. Ohun tí Abuja kò lè kọ́ yín nìyẹn.

Jos ni mo lọ kọ́ ọ. Ìlú yẹn ga ju òkun lọ ní bíi mítà 1,200, ní ìdájí oṣù December òtútù lè wálẹ̀ dé dígíríì 11. Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ọ̀ffà, ti pẹ́ níbẹ̀. Agogo márùn-ún àbọ̀, mo rẹ síńgílẹ́ẹ̀tì mi sínú omi, mo fún un, mo wọ̀ ọ́, àwa méjèèjì sì jọ sáré fún wákàtí méjì. (Ẹ má dán an wò láìsí ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.) Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ìka ló ń kọ́kọ́ kú, pé síìpù kékeré kò ṣeé fọkàn tán. Mo so okùn bàtà mọ́ gbogbo síìpù mi kí n lè fi ìbọ̀wọ́ fà á. Ibẹ̀ náà ni mo ti mọ̀ pé aṣọ òwú tí omi bá ti mu ò wúlò mọ́, àmọ́ aṣọ irun àgùntàn, bí omi tilẹ̀ mu ún, ó ṣì ń móoru. Àwọn tó ń ta òkìríkà ní ọjà Wuse ní in, ìbọ̀wọ́ rẹ̀ náà wà, owó pọ́ọ́kú.

Oúnjẹ: dàbínù ni mo gbọ́kàn lé. Ẹ yọ kóró rẹ̀ nílé, ẹ gé e sí méjì, kí ẹ sì fi sí àpò tó súnmọ́ ara, torí ó ń le bí òkúta nínú òtútù. Wọ́n á jẹ́ kí ẹ mú un wọ̀lú. Kílíṣí ni kí ẹ má kó, wọn kì í gba ẹran wọlé. Ní ìṣẹ́jú 25-25 ni mo máa ń jẹ, ẹsẹ̀ á ṣì máa rìn, kí ṣúgà inú rẹ̀ lè tó gíráàmù 40 sí 60 ní wákàtí kan. Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sómi. Omi lásán tó pọ̀ jù léwu, ó ń mú kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀. Ti ẹsẹ̀, bàtà tó fẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì fi òrí pa abẹ́ apá, itan àti àárín ìka ẹsẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà kejì, mo rọra sáré nígbà tí afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn, mo ṣí ọrùn aṣọ sílẹ̀ kí òógùn má baà pọ̀. Níbi tí a ti yí padà, mo bọ́ sẹ́yìn ògiri kan, mo pààrọ̀ síńgílẹ́ẹ̀tì sí gbígbẹ tí mo fi náílọ́ọ̀nù wé, mo gbé jákẹ́ẹ̀tì wọ̀, kò tó ìṣẹ́jú kan. Màmá onítíì rántí mi. Mo gba ife náà, mo kí i tọkàntọkàn, mo sì ń rìn lọ bí mo ṣe ń mu ún. Láti kìlómítà 38, mi ò rí ẹnikẹ́ni níwájú tàbí lẹ́yìn. Kò sí ẹni tí ń hó bíi ti Èkó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì tí ìyá mi máa ń fi jí mi láàárọ̀, mo ń pè é sókè, ẹsẹ̀ mi sì ń tẹ̀ lé e. Wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú 50 ni mo fi parí.

Ẹ bi àwọn tó ṣètò eré yín pé apá ibo ni ẹ máa kọ́kọ́ kọjú sí, torí láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sábà máa ń wá. Ní ti ìgbáradì, àwa mẹ́rin la máa ń gbéra ní Kubwa ní Sátidé, agogo márùn-ún ìdájí, a ń gba ọ̀nà Dutse sí Bwari dé Ushafa. Bí ẹ bá máa bá wa lọ, ẹ mú síńgílẹ́ẹ̀tì gbígbẹ kan dání.