Èsì: Ṣé àwọn ọmọ ilẹ̀ ń rí nǹkan gbà nínú dáyámọ́ǹdì àríwá Kánádà?

Ẹ kú ìbéèrè tí ẹ bi fún iṣẹ́ ìwádìí yín. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń rí gbà, àmọ́ àdéhùn ni wọ́n fi ń gbà á. Kí ibi ìwakùsà dáyámọ́ǹdì Ekati tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1998, àti ti Diavik ní 2003, àwọn iléeṣẹ́ náà ti bá àwọn ọmọ ilẹ̀ bíi ẹ̀yà Tłı̨chǫ tọwọ́ bọ̀wé lórí iṣẹ́, iṣẹ́ àgbàṣe àti owó.

Kì í ṣe gbogbo ará àríwá ló kàn o. Àwọn tí ilẹ̀ ìṣọdẹ wọn kan ibi ìwakùsà ni. Ti Tłı̨chǫ tún lé: àdéhùn ilẹ̀ wọn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní 2005 fún wọn ní ìpín nínú owó ìwakùsà tó ń wọlé fún ìjọba.

Èyí tó ń dùn mí ni ti caribou, àgbọ̀nrín ilẹ̀ yìnyín tí àwọn ọmọ ilẹ̀ ń jẹ. Agbo caribou kan tí wọ́n ń pè ní Bathurst lé ní 400,000 ní 1986. Ní 2018, ó ku nǹkan bí 8,200. Ìwakùsà nìkan kọ́ ló fà á, àmọ́ eruku ọkọ̀ akẹ́rù ń bo ohun tí àwọn ẹran náà ń jẹ, wọ́n sì ń yà fún ibẹ̀.

2026 ni Diavik ṣètò láti parí iṣẹ́. Nínú iṣẹ́ ìwádìí yín, ẹ wo ohun tí àdéhùn sọ nípa ẹ̀yìn ìgbà náà.