Ẹ̀sùn Mẹ́ta, Ilẹ̀kùn Mẹ́ta

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Ilé káńsù ni wọ́n ń gbé, ìsàlẹ̀ pátápátá. Káńsù ti gbà pé kí àwọn tó ń kó ìdọ̀tí máa wọlé wá gbé bíìnì wọn lẹ́nu ọ̀nà, kí màmá má baà máa wọ́ ọ dé etí títì. Láti ìgbà òtútù tó kọjá, ńṣe ni mọ́tò ìdọ̀tí kàn ń kọjá lọ. Mo pè, wọ́n ní ẹ má bínú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún di bákan náà. Ọ̀rinrin tún ń jáde lára ògiri yàrá wọn, nǹkan dúdú ti hù sí igun rẹ̀, ọ̀dà ni wọ́n kàn wá kùn lé e lórí. Lọ́jọ́ tí mo lọ bá màmá palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́, wọ́n lẹ tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ mọ́tò mi! Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n kó gbogbo rẹ̀ lọ bá Ombudsman. Ṣé lọ́yà ni? Èló ni wọ́n ń gbà? Ẹ̀rù sì ń ba màmá pé káńsù lè lé àwọn jáde bí a bá fẹjọ́ sùn.
*Àbúrò yín obìnrin, gúúsù Lọ́ńdọ̀nù*

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Òfin kò ka ẹjọ́ tí ayálégbé fi sùn sí ìdí tí wọ́n fi lè lé e jáde. Ombudsman kì í ṣe lọ́yà, kì í ṣe adájọ́ kóòtù, kọ́bọ̀ kan ni wọn ò sì gbà. Òfin ọdún 1974 ló dá ọ́fíìsì yẹn sílẹ̀ fún England, láti máa wádìí iṣẹ́ káńsù bí aráàlú bá ráhùn. Láti ọdún 2017 ni wọ́n ti ń pè é ní Local Government and Social Care Ombudsman. Scotland àti Wales ní tiwọn lọ́tọ̀.

Mo ti jókòó rí lẹ́yìn tábìlì tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ń bọ́ sí, ní káńsù kan tí n kò ní dárúkọ. Tí lẹ́tà bá ti ọwọ́ ọmọ Yorùbá wá, mo ti ń mọ̀ kí n tó rí orúkọ. Yóò kí wa dáadáa, yóò bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tó wọ ìlú yìí, yóò fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí, ojú ewé kẹta ni bíìnì tó ó yọjú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ irú ẹ̀ sí wọn. Àti pé ẹ̀sùn mẹ́ta lẹ dì pọ̀ yìí, ilẹ̀kùn kan náà kọ́ ni wọ́n máa gbà wọlé.

Tíkẹ́ẹ̀tì ni kò ní pẹ́ wa. Ombudsman kì í sábà fọwọ́ kàn án, torí ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ wà. Ẹ kọ̀wé ta kò ó lọ́dọ̀ káńsù. Bí wọ́n bá kọ̀, wọn yóò fi ìwé Notice to Owner ránṣẹ́ sí ẹni tó ni mọ́tò, ẹ ó sì ní ọjọ́ 28 láti tún fèsì. Bí wọ́n bá tún kọ̀ ọ́, ẹ gbé e lọ sí London Tribunals, láàárín ọjọ́ 28 náà ni. Àmọ́ kí n bá yín sọ òótọ́: bó bá jẹ́ pé orí ìlà òfeefee lẹ páàkì sí, ẹ san án láàárín ọjọ́ 14 kó lè jẹ́ ìdajì, kẹ́ ẹ sì gbájú mọ́ ti màmá.

Ti ọ̀rinrin ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣì gbé. Níwọ̀n bí káńsù ti jẹ́ lanlọ́ọ̀dù màmá, Housing Ombudsman ló ni ẹjọ́ yẹn, ọ́fíìsì mìíràn pátápátá ni. (Ká ní ipò màmá lórí ìlà àwọn tó ń dúró de ilé ni ẹ ń bá wọn jà lé lórí ni, ọ̀dọ̀ ti àkọ́kọ́ ni ì bá padà sí. Èmi kọ́ ni mo ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀.) Ìlànà tó di dandan fún àwọn lanlọ́ọ̀dù wọ̀nyí láti oṣù kẹrin ọdún 2024 sọ pé kí wọ́n jẹ́wọ́ pé ẹ̀sùn dé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, kí wọ́n sì fèsì láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10 sí i. Bí èsì yẹn ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ní kí wọ́n gbé e lọ sí ìpele kejì. Ọjọ́ iṣẹ́ 20 ni ìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ lẹ lè kọjá sí Housing Ombudsman. Ẹ ya fọ́tò ògiri kí wọ́n tó tún wá fi ọ̀dà bò ó.

Ó wá ku bíìnì, tí àwọn kan lè máa fi rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín o. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ni mo rò pé ẹ máa tètè borí. Ombudsman ti àkọ́kọ́, ti káńsù, ló ni ẹjọ́ yìí, òun kì í sì í wò ó bóyá ìpinnu káńsù dùn mọ́ yín. Bí káńsù bá ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì làwọn yóò máa kó ìdọ̀tí, tí wọ́n sì tẹ̀lé ìlànà kí wọ́n tó pinnu bẹ́ẹ̀, Ombudsman kò ní bá yín yí i padà. Nǹkan méjì ni wọ́n ń wá: kí ni káńsù ṣe tí kò yẹ kó ṣe, tàbí tó yẹ kó ṣe tí kò ṣe? Kí ló sì kó bá ẹni tó ń ráhùn? Káńsù fẹnu ara rẹ̀ gbà láti máa gbé bíìnì màmá lẹ́nu ọ̀nà, kò gbé e, arúgbó sì ń fi ọ̀pá wọ́ bíìnì lórí yìnyín. Àlàyé wo ló tún kù?

Ibi tí ẹ ti jáfara ni fóònù. Bí ẹ bá pè pé wọn ò kó ìdọ̀tí, káńsù kà á sí pé ẹ ń béèrè iṣẹ́ ni, kò tíì di ẹ̀sùn. Ẹ kọ ímeèlì, kí “complaint” wà lórí rẹ̀ gbàgàdà. Ẹ kọ déètì ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọn ò wá, ọjọ́ tí ẹ pè, ohun tí wọ́n sọ, àti ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe. Ojú ewé kan tó. Kí màmá fọwọ́ sí ìwé pé àwọn yàn yín láti sọ̀rọ̀ lórúkọ àwọn.

Bí káńsù bá ti fún yín ní èsì ìkẹyìn, tàbí tí wọ́n jókòó lé ẹ̀sùn náà láìfèsì, ó di ọwọ́ Ombudsman. Ẹ kò nílò MP (aṣòfin) tàbí káńsẹ́lọ̀ kankan láti gbé e débẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó ju oṣù 12 lọ láti ìgbà tí ẹ mọ̀ nípa ọ̀ràn náà. Wọn yóò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tó wádìí. Bó bá tó, olùwádìí kan yóò béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ káńsù: ṣé àdírẹ́sì màmá wà lórí ìwé tí wọ́n fún awakọ̀? Kí ni wọ́n kọ sílẹ̀ nígbà tí ẹ pè? Yóò fi í wé ti yín. Lẹ́yìn náà, yóò kọ ohun tó rò pé ó jẹ́ òótọ́, yóò fi ránṣẹ́ sí ẹ̀yin àti káńsù kí ẹ sọ tẹnu yín kó tó parí rẹ̀. Ẹ kà á dáadáa o, torí ibẹ̀ lẹ ti lè tún ohun tó bá ṣì gbọ́ ṣe.

Ẹ má retí owó tí wọ́n fi ń ra mọ́tò. Wọ́n lè ní kí káńsù tọrọ àforíjì, kí wọ́n san owó díẹ̀ fún wàhálà, kí ọ̀gá kan sì máa ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń kó bíìnì náà fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Tèmi ni pé èyí tó kẹ́yìn yìí ló níye lórí jù. Ombudsman kò lè fipá mú káńsù, àmọ́ káńsù tó bá ṣorí kunkun yóò rí ìròyìn rẹ̀ níta gbangba, àwọn tí aráàlú dìbò yàn yóò jókòó jíròrò lórí rẹ̀, wọn yóò sì sọ láàárín oṣù mẹ́ta ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí i. Mo ti rí bí ọ́fíìsì ṣe máa ń rí tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá dé. Gbogbo ẹni tí kì í gbé fóònù ló máa ń gbé e lọ́jọ́ yẹn.

Ìbéèrè: Mo san owó ṣọ́ọ̀bù nínú ọjà ìjọba ìbílẹ̀ kan, rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì ti fi ẹlòmíràn sínú rẹ̀. Ṣé ilẹ̀ òyìnbó nìkan ni Ombudsman wà?
*Oníṣòwò aṣọ, Ìbàdàn*

Ìdáhùn: Ó wà ní Nàìjíríà, ó sì ti pẹ́. Public Complaints Commission ni. Ìjọba Murtala Muhammed ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1975, Yusuf Maitama Sule sì ni ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n ní ọ́fíìsì ní ìpínlẹ̀ yín, ìjọba ìbílẹ̀ sì wà lára àwọn tí òfin ní kí wọ́n wádìí. Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí alága ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tiyín. Lẹ́yìn náà, ẹ mú un lọ pẹ̀lú fọ́tókọ́pì rìsíìtì, kó tó pé oṣù 12.

Wọ́n láṣẹ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹni tó bá kọ̀ lè san ₦500 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. ₦500 ọ̀hún kò ra búrẹ́dì gidi mọ́, àfi kí wọ́n tún òfin yẹn ṣe. Ìmọ̀ràn lásán ni ìpinnu tiwọn náà, àmọ́ lẹ́tà wọn máa ń jẹ́ kí fáìlì tó sọnù tètè di rírí. Bí lọ́yà yín bá sì ti gbé ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù náà dé kóòtù, wọn ò ní fọwọ́ kàn án. Ẹ bi í léèrè kí ẹ tó lọ.